Ta Ló Fẹ́ Òmìnira, Ta Ló Fẹ́ Ipò? Ọ̀rọ̀ Lórí Àbá Enahoro ní 1953

(Ohùn mẹ́rin ni, a dà á kọ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn.)

  

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan bèèrè níbí pé àwọn tó ń pariwo kí Yorùbá dá dúró, ṣé a lè gba inú wọn gbọ́? Ṣé ìfẹ́ ìlú ni, àbí ipò ni wọ́n ń wá? Ẹ rí bí inú ṣe bí àwọn kan. Èmi ò ní dá sí tòní, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, a ò tíì lè ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìgbà kan tó ti parí, tí a mọ ohun tí oníkálukú sọ, tí a sì mọ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ọdún 1953 ni mò ń wí. Àwa tí à ń gbé Òkè Ọya ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro, ọmọ Uromi, dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé àbá kalẹ̀ pé kí ilé gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun àkọ́kọ́ tí ìṣèlú wa ń lé, pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. NCNC náà fẹ́ ọdún 1956. Nígbà tó kan Sàrdáúnà, Ahmadu Bello, ó ní òun kò kọ òmìnira, àmọ́ kí wọ́n yọ 1956 kúrò, kí wọ́n fi "ní kété tó bá ti ṣeé ṣe" sí i. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí ni gbogbo ìjà náà dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣirò kan fún yín kí n tó lọ síwájú, torí àwọn tó ń kọ́ wa ní ìtàn yìí kì í sábà dé ibẹ̀. Lábẹ́ òfin Macpherson, àwọn tí wọ́n yàn sí ilé náà láti Àríwá jẹ́ 68. Ìwọ̀ Oòrùn ní 34, Ìlà Oòrùn ní 34. Ẹ ro ó pọ̀, 68 sí 68. Ẹ wá fi àwọn Òyìnbó ìjọba tó jókòó síbẹ̀ kún un. Ẹni tó bá mọ ìṣirò, kó tó wọ ilé lọ́jọ́ yẹn ló ti mọ̀ pé àbá náà ò lè kọjá bí Àríwá ò bá fẹ́. Ṣé Awólọ́wọ̀ ò mọ ìṣirò ni? Awólọ́wọ̀ tó mọ nọ́ńbà ju gbogbo wọn lọ!

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e wá nígbà náà? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ èrò ọkàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn alátakò Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti ń pè é ní ẹgbẹ́ ẹ̀yà kan láti 1951 tó ti gba ìjọba Ìbàdàn. NCNC ló ní orúkọ ìjà òmìnira, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Zik ló ń lọ sẹ́wọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1953 náà, NCNC wà nínú wàhálà, àwọn mínísítà rẹ̀ kan ní Ìlà Oòrùn kọ̀ láti fi ipò sílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Zik fúnra rẹ̀ ò sí nínú ilé l'Ékòó lọ́jọ́ yẹn, torí ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ò yàn án lọ sí àárín gbùngbùn. Àyè wá ṣí sílẹ̀ fún Ọlọ́pẹ láti fi han gbogbo ayé pé àwọn náà lè ṣíwájú. Bí ẹ bá wò ó báyìí, ẹ máa ní ọgbọ́n ìdìbò ni. Mi ò ní bá yín jiyàn. Ọgbọ́n ìdìbò wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Enahoro tó gbé àbá yẹn kalẹ̀, Òyìnbó ti fi sẹ́wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ṣáájú ìgbà yẹn nítorí ohun tó kọ àti ohun tó sọ. Ọmọ ọdún 21 ló ti ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmìnira nígbà tí ìdìbò ń bọ̀. Àti pé ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà lọ́dọ̀ Gómìnà Macpherson ti pinnu pé kí mínísítà kankan má sọ̀rọ̀ lórí àbá náà, kó má sì dìbò. Àwọn mẹ́rin tí Ọlọ́pẹ ní níbẹ̀, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, Bọ̀dé Thomas, S. L. Akíntọ́lá àti Arthur Prest, fi ipò sílẹ̀. Ipò mínísítà o, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó ń wá ipò, ṣé ó máa ń fi í sílẹ̀? Ẹlòmíràn máa ní ó ń fi kékeré wá ńlá. Ó ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé wíwo inú èèyàn kò lè tán ẹjọ́ yìí. Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé.

Ẹ wo Àríwá náà. Ohun tí àwọn ará Gúúsù ń sọ nígbà náà, tí àwa náà gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa, ni pé Sàrdáúnà ń ṣe ti Òyìnbó, àti pé àwọn ọba Àríwá ò fẹ́ kí tálákà lajú. Irọ́ kọ́ pátápátá ni. Àwọn Aminu Kano ní NEPU, ọmọ Àríwá gan-an, ń bá àwọn ọba wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́. Ó sì wọ àwọn Òyìnbó kan lára dáadáa pé Àríwá ní ká ní sùúrù, torí ó fún àwọn náà ní àkókò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí Sàrdáúnà ní, ẹ̀rù gidi ni. Ẹ̀yin tí bàbá yín wá ṣiṣẹ́ rélùwéè tàbí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kano àti Kaduna, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn wo ló wà nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì? Àwa ni, àti àwọn Ìgbò. Ilé ìwé Òyìnbó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí Òyìnbó bá kó ẹrù rẹ̀ ní 1956, ta ló máa jókòó sórí àga tó fi sílẹ̀? Sàrdáúnà mọ ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tó gba agbára ní Kaduna tán, ohun tó ṣe bá ẹ̀rù yẹn mu: ọmọ Àríwá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà síṣẹ́, bí kò bá sí, ẹ gba Òyìnbó, ọmọ Gúúsù ló kẹ́yìn. Ó dùn wá o, ó lé ọ̀pọ̀ èèyàn wa padà sílé. Àmọ́ ó fi hàn pé kì í ṣe àwáwí ló wí lọ́jọ́ yẹn l'Ékòó. Ohun tó sọ pé òun bẹ̀rù ni ó wá ọ̀nà àtidí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé ìgbìmọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará Àríwá ní kí wọ́n sún ìjíròrò náà síwájú. Inú bí Ọlọ́pẹ àti NCNC, wọ́n dìde, wọ́n jáde. Sàrdáúnà náà sọ pé àṣìṣe ọdún 1914 ti hàn kedere báyìí. Nígbà tí àwọn ará Àríwá jáde sí ìgboro Èkó, èrò ń hó lé wọn lórí, wọ́n ń bú wọn, títí dé ibi tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Sàrdáúnà ò gbàgbé ìwọ̀sí yẹn títí ó fi kú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀.

Kò pé ọjọ́ 50 sí i tí iná fi ràn. Ọlọ́pẹ pinnu láti rán Akíntọ́lá wá sí Kano kó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ 1956 fún àwọn èèyàn. Wọ́n gbà fún wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n tún fagi lé e. Ìpàdé ò wáyé, ìjà wáyé. Láti ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún, ọjọ́ Sátidé, títí di ọjọ́ 19, Sabon Gari di ojú ogun. Iye tí ìjọba kà ni òkú 36, 15 nínú wọn jẹ́ ará Àríwá, 21 jẹ́ ará Gúúsù. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ jẹ́ 241. Ẹ gbọ́ èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù: ẹgbẹ́ tó fẹ́ wá ṣèpàdé, ẹgbẹ́ tí Yorùbá pọ̀ sí ni. Àwọn Ìgbò ló jìyà jù. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Sabon Gari tí kò mọ Enahoro rí, tí kò gba káàdì ẹgbẹ́ kankan, òun ló sanwó àbá náà. Àwọn olórí tó ń bára wọn jà wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà l'Ékòó, wọ́n wà ní Kaduna.

Nínú oṣù kan náà, Àríwá mú ètò onípele mẹ́jọ jáde ní Kaduna. Bí ẹ bá kà á, ìyapa ló kù díẹ̀ kó jẹ́: kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀, kí ilé aṣòfin àpapọ̀ má sí mọ́, ohun díẹ̀ bí ètò ààbò àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló kù tí wọ́n á jọ ṣe. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù keje, gbogbo wọn wọ ọkọ̀ lọ London, Àríwá sì gba ìjọba àpapọ̀ tó ní àárín gbùngbùn. Kí ló yí wọn lọ́kàn padà? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Ẹ̀pà Kano àti òwú Zaria, etíkun ni wọ́n ń bá lọ sí òkè òkun. Àríwá ò ní òkun. Ìhàlẹ̀ ìyapa yẹn, ohun èlò ìdúnàádúrà ni.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, torí ó kan tiwa. Ní London náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Èkó lé Lyttelton lọ́wọ́, mínísítà Òyìnbó tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ ìṣàkóso wọn. Ó dájọ́ pé kí Èkó kúrò lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn, kó di ti ìjọba àpapọ̀. Inú bí Ọlọ́pẹ gidigidi. Ní oṣù kẹwàá, Awólọ́wọ̀ fi wáyà ránṣẹ́ pé Ìwọ̀ Oòrùn lómìnira láti yàn bóyá òun máa wà nínú Nàìjíríà tàbí òun ò ní wà níbẹ̀. Lyttelton fèsì líle, pé ìgbìyànjú láti yapa, lílo agbára ni òun máa kà á sí. Ní oṣù kìn-ín-ní 1954, nígbà tí wọ́n tún pàdé l'Ékòó, Ọlọ́pẹ fẹ́ kí ẹ̀tọ́ ìyapa wọnú òfin. Àríwá àti NCNC ní kò ṣeé ṣe. Ẹ ò rí i? Ní oṣù kẹta, Ọlọ́pẹ ń fẹ́ Nàìjíríà kan ṣoṣo, kíá, ní 1956. Ní oṣù kẹwàá, ó ní òun lè lọ. Àríwá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ní oṣù karùn-ún ló wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Àárín oṣù mẹ́wàá péré!

Mi ò ní tìtorí ìyẹn pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Mo gbà pé Awólọ́wọ̀ fẹ́ òmìnira tọkàntọkàn. Mo sì gbà pé kò jẹ́ fara mọ́ òmìnira tí Èkó ò sí nínú agbo rẹ̀. Méjèèjì gbé inú ọkùnrin kan ṣoṣo. Ohun tó yẹ ká máa bi olóṣèlú ni pé: nǹkan wo ni bí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ náà máa yí ohùn padà?

Tafawa Balewa ni mo fẹ́ fi kún un, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le díẹ̀. Kí 1950 tó dé, òun ló ń sọ nílé ìgbìmọ̀ pé orí ìwé lásán ni Nàìjíríà ti jẹ́ ọ̀kan, pé Òyìnbó ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1955, ó lọ sí Amẹ́ríkà lọ wo bí wọ́n ṣe ń lo odò fún ìrìnnà. Ó rí oríṣiríṣi èèyàn tí wọ́n wà lábẹ́ àsíá kan, ó padà dé, ó ní òun ti rí i pé ìṣọ̀kan ṣeé ṣe. Ní 1957, ó di olórí ìjọba. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ máa ní àga ló yí i lọ́kàn padà, kì í ṣe odò Mississippi. Èmi ò lè bura. Àmọ́ mo rí ohun tó ṣe nígbà tó jókòó sórí àga náà: ó pe gbogbo ẹgbẹ́ ńlá wá sínú ìjọba rẹ̀, Ọlọ́pẹ náà wà níbẹ̀. Akíntọ́lá yìí kan náà, tí wọn ò jẹ́ kó wọ Kano ní 1953, di mínísítà lábẹ́ rẹ̀. Kò pọn dandan fún un láti ṣe é.

Ní oṣù kẹta 1957, Akíntọ́lá ló gbé àbá òmìnira wá sílé, ilé fi ọdún 1959 sí i, Àríwá fọwọ́ sí i. Òyìnbó ò gba 1959. Ìwọ̀ Oòrùn àti Ìlà Oòrùn gba ìjọba ẹkùn tiwọn ní oṣù kẹjọ 1957, Àríwá gba tirẹ̀ ní oṣù kẹta 1959. Ní oṣù kìn-ín-ní 1960, Balewa fúnra rẹ̀ gbé àbá ìkẹyìn kalẹ̀, kò sí ẹni tó jáde. Ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín ọjọ́ tí Enahoro fẹ́ àti ọjọ́ tó wá rí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rántí àwọn 36 yẹn nígbà tí mo bá ṣe ìṣirò yìí. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń kú lé lórí.

Èyí tó kù, ti ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Kabba ni. Ọlọ́pẹ ní kí wọ́n dá yín padà sí Ìwọ̀ Oòrùn, ẹgbẹ́ Talaka Parapọ̀ ní Ìlọrin sì bá wọn lò pọ̀ títí wọ́n fi gba ìgbìmọ̀ ìlú ní 1956. Ìgbìmọ̀ Willink jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní 1957 sí 1958, wọn ò sún ààlà. Ṣé ìfẹ́ ọmọ ìyá ni, àbí ìbò? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá sọ tiyẹn. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ sọ ohun tí wọ́n sọ fún yín. Ẹ má kọ ọ́ gùn jù o, ojú mi ò ríran dáadáa lálẹ́.