Ilẹ̀ Tó Ń Nàró

Kò sẹ́ni tó ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn tuntun, yálà ní Bódìjà tàbí lọ́nà Challenge, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ sọ́fè àti píílà. Bí wọ́n bá ti ri píílà mọ́lẹ̀, ojú kan náà là ń retí kó wà. Ẹni tó bá hú u, ẹjọ́ ló fà. Àmọ́ àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mọ̀ pé píílà ń rìn. Áfíríkà lódindi, tòun ti Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ń sún lọ sí ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ́dọọdún. Níbòmíràn, ilẹ̀ kò kàn ń sún, ó ń gbéra. Ní etíkun Swídìn àti Fínlándì, níbi tó ti pọ̀ jù, ó ń ga sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún. Yìnyín tó nípọn tó kìlómítà 3 ló tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́, tó sì ti yọ́ lọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Báwo ni akéde yóò ṣe ròyìn èyí lórí Fresh FM ní Challenge, tí ìyá tó ń pàtẹ ní Agbówó yóò fi yé?

Yìnyín tí a mọ̀ ni èyí tí òjò ń sọ lu páánù, tàbí èyí tí wọ́n ń tà nínú láílọ́ọ̀nù. Kò sí nínú méjèèjì tó lè tẹ ilẹ̀ rì. Àwọn kan ń pe èyí tó bo erékùṣù Greenland ní “òkè yìnyín”, ṣùgbọ́n òkè là ń gùn tí à ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí bo ilẹ̀ ni. “Yìnyín abolẹ̀” ni mo fara mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni orúkọ ìgbéra náà. “Ìwúsókè” ló kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu, n kò sì fẹ́ ẹ. Ohun tó bá wú, nǹkan ló wọ inú rẹ̀: afẹ́fẹ́, omi tàbí àìsàn. “Ìgòkè” náà kò tó, torí òkun pẹ̀lú ń gòkè, ìbéèrè tó sì wà nídìí ìmọ̀ yìí ni pé, nínú ilẹ̀ àti omi, èwo ló kúrò lójú rẹ̀? Anders Celsius, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n ìgbóná, gbẹ́ àmì sára àpáta ní Lövgrund ní Swídìn lọ́dún 1731, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ bí omi ṣe ń fà tó. Ó gbà pé òkun ló ń dín kù. Ilẹ̀ ló ń dìde! Ẹni tó bá fún wa ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì ń dá wa padà sínú àṣìṣe ọdún 1731 ni.

Ẹ wo alábàárù tó ru àpò ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà. Bó bá sọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣe ló ń rọra nàró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ tí yìnyín ti tẹ̀: òkúta gbígbóná tó ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ń rọra ṣàn padà, ó sì ń gbé e. Nítorí náà, “ìnàró ilẹ̀”.

Ṣùgbọ́n Greenland òde òní tún ní tirẹ̀. Yìnyín tó bá yọ́ lọ́dún yìí, àpáta abẹ́ rẹ̀ ń ta sókè lọ́dún yìí kan náà. Àwọn onímọ̀ ti ri ẹ̀rọ GPS tó ju 50 mọ́ àpáta yí etí erékùṣù náà ká. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gba àmì láti ara sátẹ́láìtì, gíga àpáta ni wọ́n sì fi ń mọ bí yìnyín tó lọ ti wúwo tó. “Ìtasókè” ni n óò pe èyí. Ẹ má ṣe jẹ́ ká dà á pọ̀ mọ́ ìnàró, torí ọ̀kan jẹ́ ti yìnyín àtijọ́, èkejì ti yìnyín òní. Àwọn sátẹ́láìtì méjì tí wọ́n ń pè ní GRACE, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́dún 2002, fi òòfà ilẹ̀ wọn yìnyín. Kí èsì wọn tó ṣeé gbà, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìnàró kúrò níbẹ̀, torí òun náà ń yí òòfà ilẹ̀ padà.

Èkó kò ru yìnyín rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ nítorí iyanrìn tó ń kì mọ́ra àti omi tí à ń fà jáde lábẹ́ rẹ̀, òkun sì ń gòkè bọ̀. A kò lè pe èyí ní “ìrì ilẹ̀”, torí ìrì ni ohun tó ń sẹ̀ lówùúrọ̀. “Ìrìsísàlẹ̀” ló yanjú. Yìnyín abolẹ̀ tún kàn wá lọ́nà mìíràn. Ti Greenland tóbi débi pé òòfà rẹ̀ ń fa omi òkun mọ́ra. Bó ti ń yọ́, ìfà náà ń dẹ̀, omi ń kúrò nítòsí rẹ̀, ó ń kún ní ọ̀nà jíjìn. Àwa la wà ní ọ̀nà jíjìn náà.

Ọ́fíìsì Sọ́fèyọ̀ Àgbà Ìjọba Àpapọ̀ ti ń gbé irú ẹ̀rọ GPS bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ káàkiri Nàìjíríà láti nǹkan bí ọdún 2008, ọ̀kan sì wà ní Yunifásítì Èkó. “Píílà aṣọ́lẹ̀” ni mo fẹ́ ká máa pè é, torí onílẹ̀ Bódìjà ti mọ píílà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún gírámà nínú Èdè-Ìperí Yorùbá. Kí àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ jọ jókòó lé ti ilẹ̀ náà lórí. “Ìtasókè” ni mo rò pé wọn yóò kọ́kọ́ ta kò, torí “ta” ní ìtumọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá rí èyí tó dára jù ú lọ, inú mi yóò dùn, bí kò bá ṣáà ti gba ipò mọ́ ìnàró lọ́wọ́.