Ẹ̀gbo: Àgbàdo Funfun Inú Ìkòkò Ọdún

Ẹ̀gbo ni oúnjẹ tí a ń fi àgbàdo funfun gbígbẹ sè. A ó sè é títí hóró rẹ̀ yóò fi là, a ó sì fi síbí onígi tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí yóò fi ki, tí yóò máa yọ̀ lẹ́nu bí ọ̀rá wàrà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀kán wàrà kan nínú rẹ̀. Kò jọ ògì, tí a ń rẹ, tí a ń lọ̀, tí a sì ń sẹ́. Kò jọ ẹ̀kọ, tí í ṣe ògì tí a rò lórí iná. Bí ẹ̀gbo bá rọ̀ dé ibi tó rọ̀ dé, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ṣì máa ń mọ̀ pé hóró àgbàdo ló wà lẹ́nu òun. Ẹni tó bá ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní láti ṣọ́ àmì ohùn: ẹ̀gbo ni, kì í ṣe egbò tó ń dunni lára, kì í sì í ṣe egbò igi tí oníṣègùn ń wà nínú igbó.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Awẹ́ ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìlú Ọ̀yọ́, tí Ìlọrà àti Fìdítì sì wà lójú títì àtijọ́ tó lọ sí Ìbàdàn, oko àgbàdo kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ilẹ̀ yìí mọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà gbé ètò abúlé àgbẹ̀ kalẹ̀ ní 1959 fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé, Ìlọrà wà lára àwọn ibi tí wọ́n yàn fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń fún àgbẹ̀ ibẹ̀ ní àgbàdo lọ́dún. Àgbàdo àkọ́rò, tí wọ́n ń gbìn ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, tútù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń parí sí: a ń sè é, a ń sun ún, a sì ń fi àgbọn jẹ ẹ́ lójú títì. Ti àrọ̀kúrò ló ń gbẹ sórí igi. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní ìparí ọdún, èèpo àgbàdo á máa dún wàràwàrà nínú oko, hóró rẹ̀ á sì le dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo funfun tuntun fi ń wọ ọjà kó tó di ọdún Kérésìmesì, ìgbà yẹn gan-an ló sì dára jù láti se ẹ̀gbo. Ti Iléyá yàtọ̀. Bí ọjọ́ 11 ni ọdún náà fi ń tètè dé sí i lọ́dọọdún, nítorí náà ọdún mìíràn á bá àgbàdo tuntun, òmíràn á bá èyí tó ti pẹ́ nínú àká. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi ti inú àká se ẹ̀gbo yáa tètè dáná, nítorí bí àgbàdo bá ṣe ń pẹ́ nípamọ́ ni ó ń le lórí iná.

Àgbàdo pupa kò yẹ fún ẹ̀gbo. Lóòótọ́ ni pé láti 2012 ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gbé irúgbìn àgbàdo aláwọ̀ ọsàn jáde ní Nàìjíríà, tó ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, oúnjẹ tó ń ṣe ojú lóore sì ni. Ṣùgbọ́n funfun ni ojú mọ̀ mọ́ ẹ̀gbo, adùn rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti pupa lọ, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ata àti irú láti sọ̀rọ̀. Kí a ṣa àgbàdo náà dáadáa kó tó kan omi. Hóró tó bá ti bu, tó ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú lára, kí a jù ú nù. Kí a má fún adìyẹ pàápàá. Májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin lè wà nínú irú rẹ̀, iná kì í sì í pa á. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Nítorí májèlé yìí kan náà ni ilé ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn ṣe ṣiṣẹ́ lórí Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko kó tó kórè.

Alẹ́ ni iṣẹ́ ẹ̀gbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, odidi hóró ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò lórí ààrò, wọ́n á kó igi ńlá sí i lẹ́nu, wọ́n á sì jẹ́ kó máa hó títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìyá tó bá ń sè é á jí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti bu omi gbígbóná lé e àti láti ti igi wọlé. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń gbé àgbàdo náà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ẹlẹ́rọ á tú ọlọ rẹ̀ díẹ̀, kó lè la hóró sí méjì tàbí mẹ́ta láìsọ ọ́ di ìyẹ̀fun. A ó fẹ́ ẹ, a ó dà á sínú omi, èèpo rẹ̀ á léfòó, a ó sì gbọ́n ọn dànù. Lẹ́yìn èyí ni a ó rẹ ẹ́ mọ́jú. Àgbàdo tí a là báyìí lè jinná láàárín wákàtí méjì. Odidi hóró lè gba wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdajì kóńgò tó ènìyàn márùn-ún sí mẹ́fà. Omi tí a ó fi gbé e kaná gbọ́dọ̀ bò ó dáadáa, bí ìlọ́po mẹ́ta àgbàdo náà, kí omi gbígbóná mìíràn sì wà nítòsí. Omi tútù kì í wọ ìkòkò ẹ̀gbo ní àárín iṣẹ́: ó ń dá ìhó dúró, àgbàdo á sì gan. A kì í tètè fi iyọ̀ sí i, a kì í sì í tètè rò ó. Kí a jẹ́ kí iná ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Etí ló ń kọ́kọ́ mọ̀ bí oúnjẹ yìí bá ń dé ibi tó ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi á máa hó yaa, hóró á máa ta lu ara wọn. Nígbà tó bá yá, ariwo náà á rẹlẹ̀, ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kùtù, kùtù, bí ẹni pé ẹnì kan ń mí nínú rẹ̀. Bí a bá ṣí i nígbà náà, a ó rí i pé hóró ti là bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu lórí igi, omi àárín rẹ̀ sì ti funfun bí omi ògì. Ìgbà yìí ni iyọ̀ ń wọ̀ ọ́. Ìgbà yìí náà ni a ó dín iná kù, tí a ó fi síbí onígi tẹ hóró mọ́ ara ìkòkò, tí a ó máa yí i, tí a ó tún máa tẹ̀ ẹ́. Kò yẹ kó kúnná tán. Bí ìdajì hóró bá ti yọ́, tí ìdajì yòókù sì jókòó sínú rẹ̀ ní rírọ̀, ó ti tó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i lórí iná tí kò lágbára, kí a dé e, kó fún ara rẹ̀ pọ̀.

Ohun tó fà á tó fi ń yọ̀ lẹ́nu láìsí wàrà tàbí bọ́tà kò ṣòroó yé. Bí ìdá 70 nínú ìdá 100 hóró àgbàdo gbígbẹ ni sítáàṣì. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n 62 sí 72 lórí òṣùwọ̀n Celsius, sítáàṣì náà á mu omi, á wú, á sì di jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Èèpo hóró àti inú rẹ̀ tó le ni kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé dé ibẹ̀, òun ló sì ń gba wákàtí lọ́wọ́ wa. Bí ẹ̀gbo bá tutù, sítáàṣì yìí kan náà á tún fún ara rẹ̀ pọ̀, oúnjẹ náà á sì dì. Nítorí náà, kí alásè sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣàn díẹ̀. Bó bá fi máa dé iwájú àlejò, á ti ki tó bó ṣe yẹ.

Àwọn kan ń fi kàún sí i kó lè tètè rọ̀. Ó ń rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n, adùn mìíràn á sì wọ̀ ọ́. Ní tèmi, ẹ̀gbo tí a fẹ́ gbé síwájú àlejò lọ́jọ́ ọdún kò nílò kàún. Kí a fi wákàtí kan kún un.

Ẹ̀wà ni ẹnì kejì ẹ̀gbo: ẹ̀wà olójú dúdú, èyí tí àlọ́ ń pè ní ọmọ tó lé tìróò, tí a sè títí tó fi ń fọ́ fúnra rẹ̀. Orí àwọn méjèèjì ni a ń da ata dídín lé. A ó jẹ́ kí epo pupa gbóná dáadáa, a ó dín àlùbọ́sà nínú rẹ̀, a ó da tàtàṣé àti ata rodo tí a gún tàbí tí a lọ̀ ní wóró-wóró sí i, a ó sì jẹ́ kó dín títí omi rẹ̀ fi gbẹ tí epo sì yọ sókè. Irú àti edé ló ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè kó pọ̀nmọ́ sí i. Láàárọ̀, lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́gbo, ewé eéran ló dára jù láti gbà á sí, nítorí ooru ẹ̀gbo ń fa òórùn ewé náà jáde. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ tí oníbàárà ń bẹ̀bẹ̀: "Màámi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbo pọ̀ ju ẹ̀wà lọ o." Ìyá á rẹ́rìn-ín, á tún bu díẹ̀ lé e.

Àwọn tó so ẹ̀gbo mọ́ ẹ̀wà láyé àtijọ́ kò ní ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn pé. Èròjà lysine kò pọ̀ nínú àgbàdo, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà. Níacin, fítámì kan tó wà nínú àgbàdo, kì í sì í rọrùn fún ara láti gbà. Ní gúúsù Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, níbi tí àwọn tálákà ti ń jẹ àgbàdo láìsí nǹkan gidi mìíràn, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní pellagra bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, ó dà wọ́n lórí rú, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Láti 1914 ni dókítà Joseph Goldberger ti ń fi hàn pé oúnjẹ ló fà á, kì í ṣe àkóràn. Ní 1937, Conrad Elvehjem rí i pé níacin ló ń wò ó. Àwọn ará Mexico, tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ń fi òkúta ẹfun sísun tàbí eérú sè é, èyí sì ń tú níacin rẹ̀ sílẹ̀. Tiwa, ẹ̀wà ni a gbé tì í.

Ẹ̀gbo kì í ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ nìkan. Oúnjẹ Ọbàtálá ni, òòṣà funfun tí kì í jẹ iyọ̀. Ẹ̀gbo tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ kò ní iyọ̀, kò sì ní epo. Nígbà tí ogun fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil, oúnjẹ yìí bá wọn gòkè òkun. Títí dòní, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń se àgbàdo funfun láìsí iyọ̀ fún Oxalá, òun náà ni Òòṣàálá, ìyẹn Ọbàtálá, ebô ni wọ́n sì ń pe oúnjẹ náà. Nígbà ọdún São João ní oṣù kẹfà, àwọn ará ibẹ̀ tún ń se irú àgbàdo yìí pẹ̀lú wàrà àgbọn àti ṣúgà. Mungunzá lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń wú mi lórí pé ohun tí à ń jẹ nínú ewé lẹ́bàá ọ̀nà nílé ni àwọn kan ń fi aṣọ funfun gbé lókè òkun.

Ẹ̀gbo ní àwọn ìbátan mìíràn. Àwọn Xhosa ní South Africa ń se àgbàdo tí wọ́n ti gún pẹ̀lú ẹ̀wà nínú ìkòkò kan, wọ́n ń pè é ní umngqusho, wọ́n sì ní Nelson Mandela fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Cachupa ni ti àwọn ará Cape Verde. Ní Amẹ́ríkà, àgbàdo tútù ni wọ́n ń rẹ́ kúrò lára ṣùkù, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha omi funfun tó kù jáde, wọ́n á fi bọ́tà àti wàrà sè é títí yóò fi ki. Ó wọ́pọ̀ lórí tábìlì wọn ní ọjọ́ Ìdúpẹ́, tí òfin 1941 fi sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá. Ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ lè ra àgbàdo funfun bíbó ní ìsọ̀ àwọn ará Mexico, kó fi se ẹ̀gbo lọ́jọ́ náà, kó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòlótòló wọn. Ata dídín ò ní kọ tòlótòló.

Nílé níbí, mo fẹ́ kí a máa rí ẹ̀gbo lórí tábìlì ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì àti ẹran díndín. Ìrẹsì ti gba gbogbo ayẹyẹ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbo bá ẹran Iléyá mu ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ: síbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, kí a fi ọbẹ̀ ata rin ín lójú. Bó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, á ti dì gbagidi. Kí a wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kí a gbé e sórí iná kékeré, kí a tún fi síbí tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ padà. Ọbẹ̀ àná, tó ti mu ẹran dáadáa, ni a ó bù lé e. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ti àwọn ọmọdé ni.