Àwa Tó Dàgbà Ká Tó Béèrè

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, yóò ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ọ́tísíìmù. Ìdí nìyí tí àwa tá a ti lé ní 30 ọdún, tá a níṣẹ́ lọ́wọ́, tá a ń sanwó ilé, fi máa ń tijú láti sọ ọ́ síta pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló ń ṣe wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde. Eugen Bleuler, dókítà ọpọlọ ní Switzerland, lò ó nínú ìwé rẹ̀ ti 1911 fún àwọn tó ní àrùn schizophrenia, tí wọ́n ti wọnú ara wọn lọ bí ìgbín ṣe ń wọ ìkarahun.

Báwo ló ṣe wá di ti ọmọdé? Grunya Sukhareva ti kọ̀wé nípa ọmọkùnrin 6 ní Moscow lọ́dún 1925, ìwọ̀nba èèyàn ló sì kà á. Èyí tí ayé gbọ́ ni ti Leo Kanner ní Baltimore. Lọ́dún 1938, bàbá kan láti ìlú Forest ní Mississippi kọ lẹ́tà ojú ewé 33 sí i nípa ọmọ rẹ̀, Donald Triplett. Láti ọmọ ọdún kan ni Donald ti ń kọ orin láìṣì í kọ. Ó fẹ́ràn nọ́ńbà. Àmọ́ kò bìkítà bóyá ẹnì kan wọlé tàbí ó jáde. Kanner kó ọmọ 11 sínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1943, Donald ló ṣìkíní. Kódà nígbà tí ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ náà láyè tirẹ̀ lọ́dún 1980, "ọ́tísíìmù ọmọ-ọwọ́" ni wọ́n pè é. Àfi bíi pé ọmọ-ọwọ́ kì í dàgbà! Donald dàgbà ní tiẹ̀. Ó kàwé gboyè nínú èdè Faransé, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ìlú rẹ̀, ó ń wa mọ́tò, ó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọdún 2023 ló kú, ẹni ọdún 89.

Ẹni tó jìyà jù láàárín ìgbà yẹn ni ìyá ọmọ. Bruno Bettelheim kọ ìwé lọ́dún 1967 tó di ẹ̀bi ru àwọn òbí, pàápàá ìyá, pé àìnífẹ̀ẹ́ wọn ló lé ọmọ wọnú ara rẹ̀. Irọ́ pátápátá ni. (Àwa náà ò kúkú sàn jù: ọmọ tó dáa, ti bàbá ni, èyí tó bá yàtọ̀, ẹ lọ bi ìyá ẹ̀.)

Ọdún 1981 ni ilẹ̀kùn ṣí fún àgbà. Lorna Wing, dókítà ọpọlọ ní London, tí ọmọbìnrin tiẹ̀ ní ọ́tísíìmù, hú iṣẹ́ tí Hans Asperger ṣe ní Vienna lọ́dún 1944 jáde, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ẹni 34. Ẹni ọdún 5 ló kéré jù nínú wọn, ẹni ọdún 35 ló dàgbà jù. Ẹni ọdún 35! Nígbà tó di 2013, ìwé atọ́nà Amẹ́ríkà da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ibẹ̀ sì ni gbólóhùn tó kàn wá jù wà: àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà láti kékeré, ṣùgbọ́n ó lè má hàn dáadáa títí ohun tí àwùjọ ń béèrè á fi ju agbára ẹni lọ, ẹni náà sì lè ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ilé ti kọ́ wa ní ìbòmọ́lẹ̀ yìí láìmọ̀. Àìwojú ẹni jẹ́ àmì tí dókítà òyìnbó ń wá; lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú ni wọ́n ń bá wí. Kíkí ńkọ́? Ó le fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu, àmọ́ ìdáhùn ti wà nílẹ̀: wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, o ní ẹ ṣé, wọ́n ní ṣé àlàáfíà ni, o ní a dúpẹ́. Lójú tiwa, àṣà tó bò wá mọ́lẹ̀ náà ló gbé wa ró. Nígbà tí Victor Lotter tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1978 láti orílẹ̀-èdè 6 nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, ọmọdé ló ń wá, àárín àwọn ọmọ tí wọ́n ti mọ̀ pé ọpọlọ wọn ò pé ló sì ti ń wá wọn. Ẹni tó ti há ìkíni sórí kò sí níbẹ̀.

Ibi tó wá le jù rèé. Àyẹ̀wò àgbà kì í dá lé ẹnu ẹni nìkan. Dókítà á fẹ́ gbọ́ bí a ṣe rí ní kékeré, ìyá ẹni ló sì sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó, ẹni tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi rù láti ọjọ́ yìí la fẹ́ lọ pè ní ẹlẹ́rìí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo tètè sọ̀rọ̀? Ṣé mo máa ń bá àwọn ọmọ tó kù ṣeré?"

"Kí ló dé? Ta ló ní nǹkan ń ṣe ẹ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ á rí i."

Àwọn kan nínú wa fi ìbéèrè náà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan dúró, títí màmá fi jókòó, tó ní, "O máa ń to bàtà gbogbo ará ilé síbì kan ṣá. Tẹ́nikẹ́ni bá ṣí ọ̀kan nípò, wàá sunkún dalẹ́." Wọ́n á sáré kọ ọ́ sílẹ̀.