Kíkó ìkànnì ayélujára láti sáfà kan sí òmíràn

Kíkó ìkànnì láti sáfà kan sí òmíràn ni iṣẹ́ gbígbé gbogbo fáìlì àti àkójọ ìsọfúnni ìkànnì kan kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ sí orí òmíràn, láìjẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Owó tí ó ga jù tàbí àyè tí kò tó mọ́ ni ó sábà máa ń fà á. Ní Nàìjíríà, ìlànà tí àjọ NITDA gbé jáde ní 2013, pé kí a máa tọ́jú ìsọfúnni ìjọba sí abẹ́lé, tún jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí irú iṣẹ́ yìí fi ṣe pàtàkì.

Fáìlì púpọ̀

Iye fáìlì ni ó sábà máa ń fa ìdádúró ju bí wọ́n ṣe tóbi tó lọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún àwòrán kéékèèké máa ń pẹ́ kó ju fídíò kan ṣoṣo tí ó tóbi tó gbogbo wọn lọ, nítorí pé sáfà ní láti ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ àti olóhun rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tún pa á dé. Lórí Linux, fáìlì kọ̀ọ̀kan ń gba inode kan, iye inode tí ext4 ní sì ti wà ní pípinnu láti ọjọ́ tí a ti ṣètò díìsìkì. Díìsìkì lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ pé òun ti kún nígbà tí àyè ṣì pọ̀ lórí rẹ̀.

MediaWiki, ètò tí Wikipedia ń lò, lè pín àwòrán sí fódà 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún ní 16 nínú, èyí tí ó jẹ́ 256 lápapọ̀. WordPress ń pín tirẹ̀ sí ọdún àti oṣù.

Irinṣẹ́ tí a mọ̀ jù fún kíkó wọn ni rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní 1996. Ó máa ń fi ibi méjèèjì wéra, ohun tí ó bá yàtọ̀ nìkan ni yóò fi ránṣẹ́. Àǹfààní èyí hàn ní irú ọjọ́ bíi 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mélòó kan já ní etíkun Ivory Coast: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá dúró láàárín kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó yẹ kí a lò ó: ìkíní nígbà tí ìkànnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ìkejì, tí kì í pẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti dá kíkọ nǹkan tuntun síbẹ̀ dúró.

Àṣẹ

Láti inú Unix, tí a bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969, ni ètò àṣẹ lórí fáìlì ti wá. Olóhun, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn yòókù ní nọ́ńbà tiwọn: 4 fún kíkà, 2 fún kíkọ, 1 fún mímú ṣiṣẹ́. Ní ti fódà, 1 túmọ̀ sí àṣẹ láti wọlé. Nítorí náà ni fódà fi sábà máa ń jẹ́ 755, tí fáìlì sì ń jẹ́ 644. Ẹni tí ó bá fi 644 sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti ti ilẹ̀kùn fódà mọ́ ìkànnì ara rẹ̀ nìyẹn. Àṣẹ méjì ni a ń lò, ọ̀kan fún fódà, ọ̀kan fún fáìlì:

find . -type d -exec chmod 755 {} +
find . -type f -exec chmod 644 {} +

Fáìlì tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú rẹ̀, bíi wp-config.php, yẹ kí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ: 640 tàbí 600. Nígbà tí ìkànnì bá kọ̀ láti ṣí, àwọn kan máa ń fi 777 sí gbogbo rẹ̀, ó sì máa ń ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ọ̀nà dé orí sáfà náà lè kọ ohun tí ó wù ú sínú rẹ̀. Olóhun ni ó sábà máa ń jẹ́ àṣìṣe. Nọ́ńbà ni Linux fi mọ olóhun, kì í ṣe orúkọ: 1001 lórí sáfà àtijọ́ lè jẹ́ ẹlòmíràn lórí tuntun.

Ẹ̀dà ìpamọ́

Ní 22 oṣù Kẹfà 2014, ẹnìkan já wọ Nairaland, ìkànnì tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005, ó sì pa ohun tí ó wà lórí sáfà rẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ẹ̀dà tí ó wà ní ibòmíràn ni wọ́n fi dá a padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ láti oṣù Kìíní ọdún náà ti lọ. Ẹ̀dà tí a ṣe kí ìkànnì tó ṣí kò gbọdọ̀ wà lórí sáfà àtijọ́ tàbí tuntun.

Orúkọ fáìlì ní èdè Yorùbá

Orúkọ ìlú Ogbooro ní Ìlà-Oòrùn Ṣakí, tí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, kì í dá wàhálà sílẹ̀. Ìṣẹ́yìn.jpg ni ó ṣòro. Kò sí àmì Unicode kan ṣoṣo fún ẹ́. A lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ pẹ̀lú àmì òkè, bí é pẹ̀lú àmì abẹ́, tàbí bí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lójú Linux. HFS+, tí kọ̀ǹpútà Mac ń lò tẹ́lẹ̀, máa ń tú àmì ká fúnra rẹ̀. Bí fáìlì bá ti ibẹ̀ dé orí Linux, àwòrán aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn yóò wà nínú fódà, ojú ewé yóò sì máa sọ pé kò sí níbẹ̀. Rsync lè tún un ṣe lójú ọ̀nà pẹ̀lú --iconv=utf-8-mac,utf-8 bí a bá ń fi ránṣẹ́ láti orí Mac. Bí ó bá ti dé tán, convmv --nfc lè yí orúkọ náà padà. Ìdánwò lásán ni convmv máa ń ṣe títí a ó fi fi --notest kún un.