Adam: Ọmọ Odò Thames Tí A Kò Tíì Mọ Orúkọ Rẹ̀

Adam ni orúkọ tí àwọn ọlọ́pàá London fún ọmọdékùnrin kan tí wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Thames ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Wọ́n fojú bù ú pé ọmọ ọdún 4 sí 7 ni. Títí di òní, kò sí òbí tó yọjú pé òun ni òun bí i, kò sì sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ilẹ̀ tó wà láàárín Ìbàdàn àti ìlú Benin ni ìwádìí tọ́ka sí pé ó ti dàgbà.

Bí wọ́n ṣe rí i

Ọkùnrin kan tó ń gba orí afárá Tower Bridge kọjá ló kọ́kọ́ rí i lójú omi. Àwọn ọlọ́pàá gbé e jáde nítòsí gbọ̀ngàn eré Globe. Àwọn tó pa á ti gé orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, kò sí ojú tí wọn ì bá fi hàn nínú ìwé ìròyìn, kò sí eyín tí wọn ì bá yẹ̀ wò, kò sì sí ìka tí wọn ì bá tẹ̀ sórí ìwé. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Àmì Kids & Company ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí ilé ìtajà Woolworths ń tà ní Jámánì.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbà

Bí wọ́n ṣe gé ara ọmọ náà mú kí àwọn olùwádìí rò pé wọ́n fi ṣe oògùn ni, wọ́n sì kọ́kọ́ kọjú sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ ti wáyé rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, Nelson Mandela fúnra rẹ̀ bẹ àwọn ará Áfíríkà pé kí ẹni tó bá mọ ohunkóhun sọ ọ́.

Ṣáájú àkókò yìí ni wọ́n ti rí àbẹ́là 7 tí wọ́n fi aṣọ funfun wé létí odò kan náà, tí orúkọ Yorùbá sì wà lára rẹ̀. Ìfura ńlá dìde. Nígbà tí ọlọ́pàá tọpa rẹ̀, ìdílé kan ló ń dúpẹ́ pé ènìyàn wọn tó wà ní New York kò bá ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án lọ. Ẹni tó bá dàgbà láàárín àwọn ìjọ aláṣọ funfun wa mọ̀ pé àbẹ́là àti aṣọ funfun kì í ṣe àmì ìkà. Bákan náà ni àwọn kan so àwọ̀ ṣòkòtò ọmọ náà mọ́ Ọ̀ṣun. Ṣòkòtò tí ẹnikẹ́ni lè rà lórí àtẹ kò tó ohun tí a fi ń gbé ẹ̀sùn ka ẹ̀sìn kankan lórí.

Ohun tí egungun sọ

Àyẹ̀wò DNA tọ́ka sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ken Pye, onímọ̀ nípa àpáta àti ilẹ̀, wá yẹ egungun náà wò. Oúnjẹ tí a jẹ àti omi tí a mu máa ń gbé èròjà inú àpáta àdúgbò wa wọ egungun wa. Strontium, bàbà àti òjé tó wà lára Adam pọ̀ ju ti ọmọ tó dàgbà ní Britain lọ. Àwọn olùwádìí wá sí Nàìjíríà, wọ́n ṣa òkúta, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀, wọ́n kó egungun ẹran, wọ́n sì fi wọ́n wé ti ọmọ náà. Báyìí ni wọ́n ṣe dé àárín Ìbàdàn sí Benin.

Nínú ìfun rẹ̀, wọ́n rí lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tó fi hàn pé ó ti lo ọjọ́ mélòó kan ní London kó tó kú. Oògùn ikọ́ wà nínú ikùn rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ẹnì kan fún un ní oògùn. Amọ̀ tó ní wúrà lẹ́búlẹ́bú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ẹ̀wà Calabar, tí àwọn onímọ̀ ní ọgbà ewéko Kew dá mọ̀. Ẹ̀wà olóró ni, òun ni àwọn Efik fi ń dá ẹjọ́ àjẹ́ láyé àtijọ́, ó sì lè mú kí ara ènìyàn rọ láìlè gbéra.

Àwọn tí wọ́n mú

Ní ọdún 2002, ọlọ́pàá mú obìnrin kan ní Glasgow, tó ti Jámánì wá. Wọ́n bá aṣọ ọmọdé oní-Kids & Company nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ̀sùn ikú náà kàn án, ìjọba sì dá a padà sí Nàìjíríà. Ní oṣù Keje ọdún 2003, wọ́n mú ènìyàn 21 ní London. Ọkùnrin kan lára wọn ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà fún kíkó ènìyàn wọ Britain, kì í ṣe fún ikú Adam. Obìnrin tí wọ́n mú ní Glasgow tún sọ̀rọ̀ ní ọdún 2011 àti 2013. Ó dárúkọ ọmọ kan, ó tún dárúkọ mìíràn, ọmọ tó wà nínú fọ́tò tó tọ́ka sí sì wà láàyè.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìwé London, wọ́n rí i pé nǹkan bí ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú 300, ọmọ ọdún 4 sí 7, ni kò padà sí kíláàsì láàárín oṣù 3 ní ọdún 2001. Àwọn 2 péré ni wọ́n rí tọpa. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ wọn ti kó lọ síbòmíràn tàbí kí wọ́n ti padà sílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi èyí hàn. A máa ń sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Àṣà yìí dára tí igba ènìyàn náà bá mọ ara wọn. Nígbà tí ọmọ bá fi ìwé ìrìnnà ẹlòmíràn sọdá òkun, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ mọ́.

Wọ́n sin Adam ní gúúsù London ní ọdún 2006, láìsí àmì lórí ibojì rẹ̀. Ní ọdún 2021, ọlọ́pàá tún bẹ gbogbo ènìyàn fún ìrànlọ́wọ́. Sáyẹ́ǹsì ti sọ irú ilẹ̀ tó tọ́ ọmọ yìí dàgbà, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ tí ìdílé rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn kan bí i, àwọn kan fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àwọn aládùúgbò sì rí i tó ń ṣeré kó tó di àwátì. Ẹni tó bá mọ̀ nínú wọn jẹ ọmọ náà ní gbèsè ọ̀rọ̀. Àwa tó kù, ẹ jẹ́ kí á máa béèrè ọmọ tí a fi ránṣẹ́ sílé ẹbí, kí á sì gbọ́ ohùn ọmọ náà fúnra rẹ̀.