Ẹni Tí A Lè Finú Hàn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ta tòmátì ní ọjà Máìlì 12. Nígbà tí ọjà rẹ̀ jẹrà tí gbèsè sì wọlé dé, oorun dá lójú rẹ̀, kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ilé wa ní Kétu ni mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ kan tí kò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Ọmọ náà wí pé, "Àyà mi ń já." Mo túmọ̀ rẹ̀ pé àyà ń dùn ún, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àyà rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ọmọ náà ní òun kò lọ mọ́. Gbogbo ilé ní àìsàn rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. A tilẹ̀ ti ń wá okùn tí a ó fi dè é. Mo wà lára àwọn tí ń wá okùn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi ronú padà sí ìlànà àwọn baba wa. Ẹni tí ó bá lọ dá Ifá kì í sábà ka ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún babaláwo. Owó tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni yóò sọ ọ́ sí ní jẹ́jẹ́. Babaláwo yóò wá máa ki ẹsẹ odù tí ó bá jáde, ẹni tí ó wá ni yóò sì sọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ òun mu. Bí kò bá rí ara rẹ̀ nínú ọ̀kan, a ó ki òmíràn. Ọ̀mọ̀wé ni babaláwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìṣòro ni ó ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbé bá a.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ilé àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 1907, ìlànà yìí kò bá wọn wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi ìsémọ́ ni ilé náà jẹ́ ju ibi ìwòsàn lọ. Ta ni yóò bi ẹni tí a sé mọ́ bóyá olùtọ́jú rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lójú ọmọmọ, wọ́n sì ń padà sáàárín ènìyàn. Aláìsàn ní láti mú ẹbí kan dání. Lámbò kò kọ oògùn òyìnbó sílẹ̀, síbẹ̀ ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbígbọ́ èdè nìkan ni ó tó. Àwọn oníṣègùn wà tí wọ́n gbọ́ Yorùbá yékéyéké tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn, tí wọ́n sì ń nà wọ́n. Ẹbí pàápàá lè di ìdènà, gẹ́gẹ́ bí èmi ti dì í. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó ń dá Ifá ti ní látijọ́ nìyẹn.

Dókítà kejì tí a rí jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan. Ó ní kí n jókòó síta. Ọmọ náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun wí pé àyà òun ń já, ohun tí ìyá náà bi òun ni pé, "Kí ni ó ń já ọ láyà?" Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ ìpadàbọ̀ pé, ọmọ náà ti wọṣọ kí n tó jí.

Nítorí náà, bí ẹni tiwa bá ní olùtọ́jú kan kò bá òun lára mu, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ìdí rẹ̀ kí a tó wá okùn.