Ètò aṣọ́bodè tí ECOWAS bèèrè fún ní 1981: Báwo ni àtúnṣe Java ṣe di ewu fún un ní Abidjan?

Láti ọdún 1951 tí wọ́n ti ṣí èbúté ọkọ̀ ojú omi Abidjan, lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà omi Vridi láti so ọ̀sà pọ̀ mọ́ òkun, ó ti di ọ̀kan lára àwọn èbúté tó tóbi jùlọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrù Côte d'Ivoire ń gbà wọlé. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Burkina Faso àti Mali, tí kò ní òkun, ń gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n kí kọ̀nténà kan tó jáde ní èbúté náà, orí kọ̀ǹpútà ló ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá. Ejẹ́ńtì tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù, tí wọ́n ń pè ní transitaire ní Abidjan, yóò kọ irú ẹrù náà, iye owó rẹ̀ àti ibi tó ti wá sínú ètò iléeṣẹ́ aṣọ́bodè. Ètò náà yóò ṣírò owó ibodè tó yẹ kó san.

SYDAM World ni wọ́n ń pe ètò yìí ní Côte d'Ivoire. Orí ASYCUDAWorld, tí àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè ní SYDONIA World, ni wọ́n gbé e kà. Bí kò bá ṣí, ẹrù kò ní kúrò lójú kan.

Èkó ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ìlú Èkó ni wọ́n ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975. Ibẹ̀ náà ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà kó tó kó lọ sí Àbújá.

Ní 1981, ECOWAS ké sí UNCTAD, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ní Geneva, pé kó ran òun lọ́wọ́ láti kó àkọsílẹ̀ òwò tí àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe jọ. Iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ kíka iye lásán ló di ASYCUDA, ètò kọ̀ǹpútà tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ aṣọ́bodè. Lónìí, orílẹ̀-èdè àti agbègbè tó lé ní 100 ló ti gbà á, Benin àti Togo sì wà lára wọn.

Kí ló dé tí wọ́n fi yan Java?

Nígbà tó di lẹ́yìn ọdún 2000, UNCTAD fi Java kọ ẹ̀yà tuntun tó ń jẹ́ ASYCUDAWorld. Iléeṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ló gbé Java jáde ní 1995, pẹ̀lú ìlérí pé ètò tí èèyàn bá fi kọ yóò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí.

Ní 2001, Sun fi Java Web Start kún un. Ejẹ́ńtì kan kàn ní láti tẹ ojú ìlà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Java tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò lọ gbé ètò náà wá láti ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè, yóò yẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ wò, yóò sì ṣí i.

Èyí rọrùn púpọ̀. Bí ìjọba bá yí iye owó ibodè padà tàbí tí wọ́n ṣàtúnṣe ètò náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ṣe é ní olú iléeṣẹ́. Kò sí pé òṣìṣẹ́ kan ń gbé àwo kiri láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn.

Àmọ́ ilẹ̀kùn tí gbogbo wọn ń gbà wọlé kì í ṣe ti aṣọ́bodè, kì í sì í ṣe ti UNCTAD. Ní 2010, Oracle ra Sun, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn olè rí ọ̀nà

Ohun tó ń jẹ́ kí ètò wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ kí olè náà wọlé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé Amẹ́ríkà gba àwọn èèyàn níyànjú láti pa Java tó ń ṣiṣẹ́ nínú ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn alọ́nilọ́wọ́gbà ti rí ihò nínú rẹ̀.

Oracle bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọn ihò náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Java 7 Update 51 jáde. Láti ọjọ́ náà, ètò tí kò bá ní òǹtẹ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé kò ní ṣí mọ́, àfi tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó yọ̀ǹda fún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, àtúnṣe mìíràn kéde pé òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ìlànà àtijọ́ MD5 ṣe kò já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìkọlù tó le jù dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Java 11 jáde, wọ́n sì ti yọ Java Web Start kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ní Java 11 nìkan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè tẹ ojú ìlà náà títí di alẹ́, kò sí ohun tí yóò ṣí i.

Ta ló ń jìyà rẹ̀?

Kò sí ìkà nínú àtúnṣe wọ̀nyí. Ààbò ni wọ́n wà fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó rẹ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti pinnu.

Ó kan àwọn Yorùbá náà. Àwọn ọmọ Ejìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ìran dé ìran. Oníṣòwò tó ń retí ẹrù kò mọ Java, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ọjọ́ ọ̀fẹ́ bá ti pé, owó ìdádúró kọ̀nténà ń gorí ara wọn lójoojúmọ́, ẹrù tó lè bàjẹ́ sì ń bàjẹ́ lọ. Ìjọba pàápàá ń pàdánù, torí owó ibodè kì í wọlé nígbà tí ètò kò bá ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tó ń lo irú ètò báyìí fi kọ̀ láti gba àtúnṣe. Wọ́n fi Java àtijọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ má baà dúró, ṣùgbọ́n ihò tí olè ń gbà wọlé náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó gba àtúnṣe lè má rí iṣẹ́ ṣe, ẹni tó kọ̀ ọ́ sì ń fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ láìtì.

Ọ̀nà àbáyọ wo ló wà?

Java 8 ṣì ní Web Start nínú, Oracle sì ń ṣàtúnṣe ààbò rẹ̀ fún àwọn tó ń sanwó. Ní Switzerland, iléeṣẹ́ Karakun gbé OpenWebStart jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti rọ́pò èyí tí Oracle yọ.

Ìmọ̀ràn Oracle fúnra rẹ̀ ni pé kí àwọn tó ń kọ ètò di Java tí wọ́n nílò mọ́ inú ètò wọn, kó má baà gbára lé èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń lò ó. Ìyẹn ni pé kí oníkálùkù gbé ilẹ̀kùn tirẹ̀ dání.

Ní 1981, ohun tí ECOWAS ń wá ni agbára láti ka òwò ara rẹ̀. Ètò tó rí gbà ti ṣe ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Java Web Start fi hàn ni pé orílẹ̀-èdè lè ni èbúté, kó ni aṣọ́bodè, kó sì ni òfin tó fi ń gba owó, síbẹ̀ kí ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.